Ohun Tí Mashood Sọ fún Un Nìkan

Kí Ìníolúwa tó la ojú dáadáa láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti wọ abẹ́ ìrọ̀rí, á ti máa wá fóònù. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ pè é. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ nígbà tó ń sùn ni. Gúrúùpù kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Ìyẹ̀wù Ọ̀rọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń kó ẹjọ́ ọkọ, àfẹ́sọ́nà àti ìyá ọkọ wọn wá, tí àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí á sì bá wọn dá a. Ìníolúwa ń kà á bó ṣe ń fọ eyín. Ó ń kà á nídìí ìkòkò, ó ń kà á nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó sì ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ bá ní kí wọ́n ṣí Bíbélì, torí orí fóònù ni Bíbélì tirẹ̀ wà.

Télọ̀ ni. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Tákíé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan tó ń ka ẹjọ́ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kó lọ sílé àlè, abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún un níka já sódìkejì. Marufat tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló sáré wá bá a fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí aṣọ funfun, Ìníolúwa sì ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù láti wò ó bóyá obìnrin náà ti fèsì.

"Ìwọ ọmọ yìí," Marufat ní, "fóònù yìí á pa ẹ́."

Kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìyá Ìníolúwa ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni Káyọ̀dé, ọmọkùnrin tó ti mú un mọ gbogbo ará ilé rẹ̀, kàn dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò gbé ìpè mọ́. Ẹnu àwọn èèyàn ni Ìníolúwa ti gbọ́ pé ó ti gbéyàwó ní Ìlọrin. Bàbá rẹ̀, Díákónì Philip Oyèlékè, gbàdúrà fún un, wọ́n sì ní kó gbàgbé. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í kó lè sọ ọ́ tán. Àwọn ará Ìyẹ̀wù Ọ̀rọ̀ ló jókòó tì í. Ó fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wọlé, Òdòdó Àárọ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àwọn obìnrin láti ìlú tí kò dé rí sì ń sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tó gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀ tán, àfi tí wọ́n bá dá sí i.

Àǹtí Martha, àbúrò bàbá rẹ̀, ló fi í mọ Mashood. Ọ̀yọ́ ni wọ́n lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn kán, wọ́n ní kí Ìníolúwa wá dúró ti àwọn fúngbà díẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé tòun ti aṣọ lápá. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Iṣẹ́ àga kúṣọ́ọ̀nù ló ń ṣe ní Òwódé, nínú ìlú Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Ó wá tún àga Àǹtí Martha wọ̀ láṣọ.

"Ìní, bá mi mú èyí tó dáa níbẹ̀," Àǹtí Martha ké láti yàrá.

Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé, èkejì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Ìníolúwa wò wọ́n, ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ fi han Àǹtí ni?" Mashood bi í.

"Rárá o. Mo fẹ́ bi àwọn èèyàn mi ni."

"Àwọn èèyàn wo?"

"Àwọn kan lórí fóònù."

Mashood jókòó sórí fóòmù ìhòòhò tó ti bọ́ aṣọ rẹ̀ kúrò, ó na ẹsẹ̀. "Ṣé wọ́n ń bọ̀ wá jókòó lórí àga yìí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìníolúwa kó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí kì í ṣe inú fóònù ló ti jáde. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú aláwọ̀ ewé.

"Òun lèmi náà ì bá mú," Mashood ní.

Iṣẹ́ tí kò yẹ kó pẹ́ wá ń pẹ́. Bí Mashood bá kan ìṣó mẹ́ta, á sinmi, á bèèrè omi, á bèèrè bóyá òtútù mú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju Ọ̀yọ́ lọ. Nígbà tí àga kò ní ibi tí wọ́n tún lè ṣe mọ́, Àǹtí Martha pè é sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. "Mashood, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń padà sílé ní Sátidé. Tóo bá ní nǹkan tóo fẹ́ sọ fún un, má fi ìṣó sọ ọ́ mọ́."

Ó sọ ọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kì í kọjá kó má wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Abẹ́ àtíbàbà iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìníolúwa ni wọ́n máa ń jókòó sí, torí Díákónì Oyèlékè ò fẹ́ rí i nínú ilé.

"Mùsùlùmí?" wọ́n ti bèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. "Bàbá bàbá mi, òyìnbó Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ bọmi nínú odò. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó jáde nínú ilé yìí lọ kírun."

"Ẹnikẹ́ni ò ní kí n kírun, Dádì."

"Wọn ò tíì ní kóo kírun ni."

Àǹtí Martha tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọkọ̀ wá láti Ọ̀yọ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n ní, "ṣebí Onítẹ̀bọmi ni Káyọ̀dé? Ṣebí nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ẹ ti mọ̀ ọ́n? Kí ló fi ṣe ọmọ yín?"

Díákónì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. "Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà sí i," wọ́n ní níkẹyìn. Àǹtí Martha mọ ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ní òun máa gbàdúrà sí i ti ń rọ̀.

Gbogbo ìyẹn ni Ìníolúwa ń kọ sínú Ìyẹ̀wù Ọ̀rọ̀. Bí Mashood bá mú búrẹ́dì wá, á kọ ọ́. Bó bá gbàgbé láti pè é, á kọ ọ́, wọ́n á sì ní ó ti ní ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ á sì dàrú títí Mashood á fi pè. Mashood rí i pé kì í gbé fóònù sílẹ̀, àmọ́ ó rò pé irú ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ nìkan ló ń bi wọ́n níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ń rọ̀, wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Mashood ń fi àtàǹpàkò pa etí aṣọ kan tó wà lórí tábìlì.

"Ohun kan wà tí mo fẹ́ kóo mọ̀," ó ní, "kí bàbá ẹ tó dá wa lóhùn. Kóo má baà gbọ́ ọ níta."

"Kí ni?"

"Nígbà tí wọ́n bí Zulaikha, àbúrò mi, ara ìyá mi ò yá. Orí wọn ni. Wọ́n jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọn ò gbé ọmọ, wọn ò wọṣọ. Gbogbo ilé ń wá wọn kiri. Èmi ni mo rí wọn. Ọjà ti tú l'Ákẹ̀sán, wọ́n jókòó sẹ́yìn àwọn ìsọ̀, wọ́n ń kọrin fún ara wọn. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi bò wọ́n. Kò bò wọ́n tán. Ọmọdé ni mí." Ó fi etí aṣọ náà sílẹ̀. "Wọ́n tọ́jú wọn, ara wọn sì yá, kò padà mọ́. Bàbá mi kó wa lọ sí Ṣakí, ó pẹ́ ká tó padà wálé. Zulaikha gan-an ò mọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìwọ."

Ìníolúwa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi dà lójú rẹ̀, òótọ́ inú rẹ̀ sì ni. Ó ní kò sóhun tó yí padà. Ó ní òun á fẹ́ràn ìyá náà bí ìyá òun tó kú.

Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rù dé. Ṣé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í ran ọmọ? Tí òun náà bá bímọ ńkọ́? Tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ Mashood ńkọ́? Ó mọ̀ pé Mashood ló yẹ kóun bi. Ó mọ̀ pé òun lè bi Àǹtí Martha, tàbí nọ́ọ̀sì tó ń mú yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ wá. Ó rò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń tẹ fóònù kó tó rò ó tán.

Kò dárúkọ. Ó ní ẹnì kan ń fẹ́ òun, ìyá rẹ̀ ya wèrè nígbà kan, kí ni kí òun ṣe? Kíá ni èsì ń wọlé. Sá o. Má sá. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìlú wo? Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ wo lọmọ ń ṣe? Àga ló ń ṣe. Ṣé ó lábùúrò, ṣé ó ti mú àwọn yẹn? Ó ní ẹyọ kan, obìnrin, wọ́n máa so yìgì rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Bó bá ti fèsì kan, ogún á tún wọlé. Kò sẹ́ni tó tíì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó báyìí rí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kò gé aṣọ kankan lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, Díákónì Oyèlékè wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn. Wọn kì í wá síbẹ̀. Wọ́n dúró ti máṣíìnì, wọ́n gbé ọwọ́ lé e.

"Mo ti gbàdúrà," wọ́n ní. "Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run kọ̀, kò kọ̀. Sọ fún ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn kó kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá."

Ìníolúwa dì mọ́ bàbá rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó pe Mashood. Kò gbé e. Ó pè, ó pè, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mashood dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Dádì ti gbà!" Ìníolúwa fò dìde. "Láti àná ni mo ti ń pè ẹ́..."

"Ta ni Òdòdó Àárọ̀?"

Ìníolúwa rọra padà jókòó.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ismaheel, ìyẹn ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Zulaikha, wà nínú Ìyẹ̀wù Ọ̀rọ̀. Ó ka oníṣẹ́ àga l'Ọ́yọ̀ọ́, ó ka yìgì lẹ́yìn Iléyá, ó mọ ilé tó jẹ́. Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Kí wọ́n tó kírun àsárì, àwọn àgbà ilé Ismaheel ti wá sọ pé àwọn ò ṣe mọ́. Ojú wọn ni Zulaikha ti bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá, ṣé òótọ́ ni?" Ìyá náà, Raliat, tó ń ta ìborùn l'Ákẹ̀sán, tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Oníbòrùn, dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

"Mi ò dárúkọ," Ìníolúwa ní. "Mashood, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"O ò dárúkọ," Mashood gbà. "O sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì tí mo bọ́."

Ìníolúwa kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àjákù aṣọ.

"Kí ló dé tóo ò bi mí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ò bà mí kí n tó sọ ọ́ fún ẹ?"

Ó yí padà, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Àǹtí Martha tún di alárinà. Wọ́n lọ bá Mashood ní Òwódé, wọ́n jókòó láàárín àwọn fóòmù. Kò yọjú sókè nídìí iṣẹ́. "Àǹtí," ó ní, "mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Kó jáwọ́ nínú nǹkan yẹn ná. Mi ò ṣèlérí o. Kó kọ́kọ́ jáwọ́."

Ìníolúwa pa ohun tó kọ rẹ́, ó jáde nínú Ìyẹ̀wù Ọ̀rọ̀, ó sì gbé fóònù lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Ó rò pé ohun tó le jù nìyẹn, kò mọ̀ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tó máa gbà. Bó bá rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, ọwọ́ á lọ sí àpò, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Bí omi bá ń hó, kò mọ ohun téèyàn ń ṣe títí omi á fi hó. Orí ń fọ́ ọ. Ó ń bínú sí Marufat láìnídìí. Ó ń gbọ́ bí fóònù ṣe ń dún nígbà tí fóònù kankan ò dún. Ohun tó sì ń dààmú rẹ̀ jù ni pé gbogbo nǹkan tó bá rí ló ń kọ sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ fún wọn: obìnrin tó ṣubú lórí ọ̀kadà ní Tákíé, ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ, ẹkún òun gan-an. Bí ẹkún bá dé, á ti máa to ọ̀rọ̀ bó ṣe máa sọ ọ́ kí omi ojú tó dà.

Síbẹ̀, ó fara dà á. Nígbà tí Àǹtí Martha rí i pé ó ti ṣe díẹ̀, wọ́n mú un lọ bẹ Ìyá Oníbòrùn. Zulaikha ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí ẹni tó jẹ́, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì wọlé láìkí wọn.

Nínú yàrá wọn ni Ìyá Oníbòrùn wà, lórí ẹní. Ìníolúwa kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

"Dìde," wọ́n ní. "Wọn ò kúkú parọ́ mọ́ mi. Bó ṣe rí náà ni. Mo kàn rò pé tiwa ni."

"Ẹ dárí jì mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ọmọ mi ní o ti gbé fóònù náà fún bàbá ẹ. Ṣé ó rọrùn?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Kò rọrùn, mà," ó ní, ẹkún sì gbà á.

Ìyá náà wò ó pẹ́. "Mo mọ̀. Èmi náà mọ bó ṣe máa ń rí tí nǹkan bá gba orí lọ́wọ́ èèyàn." Wọ́n gbé ọwọ́ wọn lé e lórí, wọ́n ṣàdúà fún un pé kí Ọlọ́hun gbà á sílẹ̀. Nígbà tó ń jáde, ó dà bíi pé ọ̀nà ṣì wà.

Mashood tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Àìkú. Kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóòmù àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí kò dáa ló ń sọ. Bí Ìníolúwa bá ní, "Ìyá ńkọ́?" á ní, "Wọ́n wà." Ìyá náà ò tíì padà sọ́jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Marufat sọ̀rọ̀ kan tó pa á lẹ́rìn-ín, ó sì wo Ìníolúwa nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń wò ó tẹ́lẹ̀. Ìníolúwa gbé ìwò yẹn pa mọ́ sọ́kàn fún gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni. Iná ò sí ní ìsọ̀ Marufat, ó gbé fóònù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ìníolúwa kó bá òun fi í síná, ó sì lọ kí Jímọ̀. Fóònù náà wà lórí tábìlì. Ìníolúwa kẹ̀yìn sí i. Ó rán ṣòkòtò kan tán. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti gbàgbé ni. Tó bá rí i pé wọ́n ti gbàgbé, ọkàn òun á balẹ̀, òun ò sì ní wò ó mọ́ láé.

Wọn ò gbàgbé. Ó ti pa tirẹ̀ rẹ́, àmọ́ àwọn ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀dà tiwọn. Wọ́n ń sọ pé ọmọ náà gan-an ò pé. Wọ́n ń sọ pé ìdílé náà ti fi nǹkan mú Òdòdó Àárọ̀, ìdí nìyẹn tí ò fi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa lé irú ìyá bẹ́ẹ̀ jáde lọ́jà. Ọkàn Ìníolúwa gbóná. Ó tún fi orúkọ Òdòdó Àárọ̀ wọlé, ó kọ ọ́ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti dé ilé wọn. Ó ní ìyá náà gbé ọwọ́ lé òun lórí, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí wọ́n lè mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Èsì wọlé. Ó dáhùn. Òmíràn wọlé.

Kò gbọ́ nígbà tí Marufat dé. Kò gbọ́ nígbà tó pè é. Ìgbà tó rí ọwọ́ lórí fóònù ló mọ̀, kò sì fi í sílẹ̀, ó fà á padà, ó ń sọ pé, "Dúró, ó ku ẹyọ kan, ó ku ẹyọ kan." Méjèèjì ń fa fóònù mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ọmọdé. Marufat ló kọ́kọ́ jáwọ́. Ó dúró, ìborùn Jímọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún àánú.

"Ìníolúwa," ó ní jẹ́jẹ́, "fún mi ní fóònù mi."

Nígbà tí Mashood dé lọ́jọ́ Àìkú, Ìníolúwa ló sọ fún un kó tó jókòó. Ó fẹ́ kó ti ẹnu òun gbọ́ ọ.

"Kí lo kọ?"

Ó sọ ohun tó kọ. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, Mashood pa ojú dé.

"Inú yàrá wọn ni wọ́n ti sọ ìyẹn fún ẹ."

"Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n."

"Kí ta ni mọ̀?"

Ìníolúwa ò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn.

"Mi ò bínú," Mashood ní. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ̀. "Ó rẹ̀ mí ni. Jókòó, má sìn mí."

Kò wá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Kò wá lọ́jọ́ Àìkú kejì. Àǹtí Martha ní àwọn ti bẹ̀ ẹ́ tó, àwọn ò lẹ́nu láti padà lọ síbẹ̀. Ìníolúwa ò jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí bàbá rẹ̀ nínú agbádá funfun tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ Olúwa.

"Ibo lẹ̀ ń lọ, Dádì?"

"Ọ̀yọ́."

Díákónì Oyèlékè, tó ní Mùsùlùmí ò ní wọ ilé òun, wọ bọ́ọ̀sì lọ bẹ ọmọ Mùsùlùmí kó wá fẹ́ ọmọ òun. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà dé. Eruku ọ̀nà wà ní etí agbádá wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n sì mú ife náà dání.

"Ó gbà mí dáadáa," wọ́n ní. "Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ṣọ́ọ̀bù, níṣojú àwọn oníbàárà ẹ̀. Ó ra oúnjẹ fún mi. Mo bi í bóyá nítorí pé mo ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ ni. Ó ní rárá."

"Kí ló wá ní?"

"Ó bi mí ní nǹkan kan. Ó ní, 'Bàbá, tí mo bá fẹ́ ẹ, tí mo wá wọlé lọ́jọ́ kan tí mo ń sunkún, ṣé kí n kọ́kọ́ máa rò ó pé ta ni yóò kà á?'" Wọ́n gbé ife sílẹ̀. "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí i, ọmọ mi. Mo ti fi gbogbo ọ̀nà rò ó. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin náà ṣì wà nílé."

Ìníolúwa kò tún wọ Ìyẹ̀wù Ọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Agbára kọ́ ló fi jáwọ́. Kò sí ohun tó kù tó fẹ́ bi wọ́n ni. Ìgbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì ni Àǹtí Martha pè, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọ́ pé wọ́n ti so yìgì Mashood pẹ̀lú ọmọbìnrin kan láti Ìṣẹ́yìn. Ìníolúwa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́. Ó padà sídìí aṣọ tó ń rán, ó rán an tán, ó rán bọ́tìnnì mọ́ ọn, ó sì ká a.

Bàbá rẹ̀ bá a nínú ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà ìpàdé àdúrà. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n dúró ti máṣíìnì, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa fọwọ́ kàn án.

"A ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé," wọ́n ní. "Ṣé kí n sọ fún àwọn ará, kí wọ́n bá wa gbé e sínú àdúrà?"

"Rárá, Dádì," Ìníolúwa ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."